Ìró Funfun Tí Mo Rẹ Láró

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò kàwé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ pè mí ní Bàbá Àgùdà.

Ọmọ yìí ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ nínú ilé, èmi náà sì ní mo fẹ́ ṣe é. Ó fún mi ní rọ́bà tí màá fi di aṣọ. Mo kọ̀ ọ́. Bí bàbá mi ṣe ń so iṣu mọ́ ọ̀pá ní oko ni mo ṣe fi okùn di tèmi.

Ó ní, “Bàbá àgbà, ó ti le jù.”

Mo ní, “Iṣu tí bàbá mi bá so, ọyẹ́ ò já a rí.”

Nígbà tí a tú u, rọ́bà tiẹ̀ ti já sínú aró, aṣọ rẹ̀ dàrú. Tèmi rí tótòtó bí ìyẹ́ awó.

Àmọ́ ìró funfun tí ìyàwó mi ń ró lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo mú, mi ò sì bi í. Nígbà tó dé, mo ti ń wojú ilẹ̀kùn. Ó ró o, ó yí níwájú dígí, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ ṣeun.”

Mo ní kó gbé e wá, mo fẹ́ fi rán bùbá. Ó ní aṣọ òun ni. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ó ní kí n yọ iṣẹ́ ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀, kí n fi aṣọ òun sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló ni ín? Olóòtú, tí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí, àwa méjèèjì la máa jókòó ti rédíò, aṣọ náà á sì wà ní ìdí ìyàwó mi.