Ọ̀rọ̀ Kan tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Sátidé.

Ìyá Ìyìnolúwa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo yín ní Èkó? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé ọmọ-ọmọ mi ń jẹun dáadáa? Olúwa tó ń ṣọ́ mi nílé níbí kò ní gbójú kúrò lára yín lọ́hùn-ún. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, Susannah ará ilé kejì sì ní kí n kí ọ, ó ní bóyá o ṣì mọ ojú òun.

Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwa àgbà ti ní kọ̀ǹpútà báyìí. Abdulrauf, tísà wa tó ń kàwé ní yunifásítì ní Ìjagun, ló tẹ iṣẹ́ mi sínú rẹ̀. Nítorí pé mo máa ń gbàgbé àmì ìsàlẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ náà wá gbogbo "o" àti "e" tí mo kọ, kíá ni gbogbo wọn pọ́n, bí ìgbà tí epo bá ta sí gàrí. Mo ní kó rọra, kí epo má ba ìwé mi jẹ́, ni àwọn ẹgbẹ́ mi ní kíláàsì bá ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo wá rò ó pé ẹ̀rọ tó lójú tó báyìí yóò wúlò fún mi. Mo gbé fóònù mi fún tísà, ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí o ti ń fi ránṣẹ́ sí mi sínú kọ̀ǹpútà. Mo ní kó bá mi wá "mò ń bọ̀". Ọmọ mi, ó pọ́n láti òkè délẹ̀. Mo pe àwọn ẹgbẹ́ mi kí wọ́n wá wo bí ilé ṣe ń wu ọmọ mi tó. Mo tún ní kó wá "mo ti dé". Ibì kankan kò pọ́n. Mo ní ojú rẹ̀ ló dọ̀tí, mo fi etí ìró mi nu gíláàsì rẹ̀, mo ní kó tún un wò. Abdulrauf tún un wò, ó rọra sọ fún mi pé kò sí níbẹ̀.

N kò bínú. Mo ti gbá yàrá rẹ, mo ti sá tìmùtìmù rẹ sóòrùn. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, mo fẹ́ gbowó ewùrà, torí ó ń wù mí kí n se ìkọ́kọrẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n má fi owó náà gba inú fóònù, mú un lọ́wọ́ wá. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, dúró ná, kí o kọ "mo ti dé" ránṣẹ́ sí mi kí o tó wọlé, kí n lè gbé e lọ fún ẹ̀rọ náà. Mo fẹ́ kí òun náà rí i.

Ọ̀nà yóò là fún ọ ní àlọ àti àbọ̀. N kò ti ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ,
Tabitha.