Títì Tí Wọ́n Là Sí Méjì

Mọ́ńdè, 18 Jánúárì 2016
Iṣẹ́ dé. Kékeré ni, àmọ́ iṣẹ́ ni. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ epo ní ká máa lọ, àwa mọ́kànlélógójì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní England ń kọ ìtàn àgbègbè ìdìbò kan ní gúúsù London — bí ààlà ẹ̀ ṣe ń yí láti 1950 — ó fẹ́ kí n bá òun ya máàpù ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ ní Bàbá Ààlà. Nínú basement wa ní Abbeydale, ní Calgary níbí, ni màá ti ṣe é.

Mi ò sọ fún un pé mo mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Akínbámi, ẹ̀gbọ́n mi, ń gbé.

Tọ́sìdè, 21
Snow. Mo ti ya 1950 tán. 1974: ìjọba gé ìhà odò kúrò. 1983: ó dá díẹ̀ padà. Lọ́sàn-án mo kan títì Bọ̀dá. 2010, ààlà gba àárín títì náà gan-an. Apá ọ̀tún dúró. Apá òsì, níbi tí ilé wọn wà, bọ́ sọ́wọ́ aṣòfin mìíràn.

Mo rántí May 1997. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Bọ̀dá wọ táì lọ dìbò nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. "Súmbọ̀, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ wọ́n ń bi mí pé ta ni mo fẹ́." Òfin wọn gba ọmọ Commonwealth láyè láti dìbò. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu wọn títí a fi délé.

Fúráìdè, 22
Ọdún mẹ́fà tí èmi àti Bọ̀dá ò ti bára wa sọ̀rọ̀.

Sọ́ńdè, 24
Jẹ́ kí n kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa kà á. Màámi kú ní December 2009. Ọ̀gá ní bí mo bá lọ sin wọ́n, àwọn á fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Mi ò lọ. Bọ̀dá nìkan ló da iyẹ̀pẹ̀ sí wọn lára. Etí sàréè ni wọ́n ti pè mí: "Iṣẹ́ yẹn ni kó sin ìwọ náà." Mo gé fóònù. Ó parí síbẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún dà?

Túsìdè, 26
Bàbá Ààlà kọ̀wé: ọdún wo ni wọ́n wó àwọn ilé gíga ẹ̀yìn ojú irin? Àwọn ìwé ò bára mu. Ṣé mo lè rí ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí?

Mo mú fóònù. Mo gbé e sílẹ̀.

Wẹ́sìdè, 27
Mo pe fóònù Bọ̀dá. Obìnrin ló gbé e — Alhaja Tàíbátù, aládùúgbò wọn. Mo ní Súmbọ̀ ni, àbúrò Bọ̀dá, láti Calgary.

"Súmbọ̀! A wá ọ títí."

Ẹ̀jẹ̀ ríru. November. Ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù, Bọ̀dá kú. Nọ́ńbà mi kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n pè é pè é, kò lọ. Fóònù ilé-iṣẹ́ ni. October ni mo ti dá a padà, pẹ̀lú káàdì ìwọlé, nínú ọ̀rá kan náà.

Alhaja ní, "Mi ò jẹ́ kí fóònù wọn kú. Mo ní bóyá wàá pè." Mo bi wọ́n pé kí ni Bọ̀dá fẹ́ bá mi sọ. "Wọ́n ní ká sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ etí sàréè yẹn, àwọn ti kó o jẹ."

Tọ́sìdè, 28
Mi ò fọwọ́ kan máàpù náà.

Sátidé, 30
Mo bi Alhaja léèrè ilé gíga. 2004 ni, àwọn àti Bọ̀dá jọ dúró lójú fèrèsé wò ó bó ṣe ń wó. Mo kọ ọ́ sí Bàbá Ààlà. Mo wá fa ìlà 2010 gba àárín títì yẹn, mo sunkún lé e lórí, mo fi ránṣẹ́.

Sọ́ńdè, 31
Tamílọ́rẹ bá mi nídìí fọ́tò Bọ̀dá. Ọmọ mi, ọdún mẹ́jọ. "Mummy, who's that?"

Mo ní, "Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní London."

"You have? Or you had?"

Yorùbá tí mo sọ kò ya "have" àti "had" sọ́tọ̀. Mi ò yà wọ́n. Mo sún, mo ní kó jókòó tì mí, mo bẹ̀rẹ̀ látorí táì tí Bọ̀dá wọ̀ lọ dìbò.