Ẹrẹ̀ Tí Mo Bù Nínú Sàárè Yín

Bàbá mi àtàtà,

Èmi àbígbẹ̀yìn yín ni o. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ṣé ẹ rántí ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ ní yunifásítì ní Yábàá, tí ẹ tìtorí ẹ̀ ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀? À ń yẹ ẹrẹ̀ wò lábẹ́ maikirosikóòpù, torí ìkarahun àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-tín tójú lásán ò lè rí wà nínú ẹ̀. Òmíràn nínú wọn ò lè gbé níbòmíì àfi inú òkun. Ibi tá a bá ti bá ìkarahun wọn, òkun ti débẹ̀ rí, bó ti wù kó gbẹ tó lónìí.

Ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ gbé yín lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú yín. Èmi ni mo fi dandan lé e pé inú ilé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ ní Èbúté Mẹ́ta ni ká sin yín sí. Wọ́n gbẹ́ yàrá yín, wọ́n gbẹ́ kọjá lẹ́búlẹ́bú pákó tí ẹ fi dí omi ọ̀sà kẹ́ ẹ tó kọ́lé, ẹrẹ̀ dúdú sì yọ lábẹ́ ẹ̀. Mò ń sunkún, síbẹ̀ ọwọ́ mi bu ti òkè, ó bu ti ìsàlẹ̀, sínú ọ̀rá méjì. Irú ọmọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú bàbá ẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó láyà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Gbòǹgbò koríko ló wà nínú ti ìsàlẹ̀, èyí tó pẹ́ jù. Ti òkè, ìkarahun òkun ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Háà! Ilẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, òkun ló wá bò ó, níbi tí ẹ sùn sí gan-an.

Mo mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ kí baba ńlá wa tó dáyé. Èmi gan-an ni mo máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ò kàwé, Bàbá. Ohun tó bá ti wá lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀nà.

Ẹ máa ń fìka tọ́ omi kànga wò láràárọ̀ kẹ́nikẹ́ni tó fà á. Tó bá ti fẹ́ níyọ̀, ẹ ó mirí, ẹ ó ní ká lọ pọn omi ẹ̀rọ lójúde. Àbí ẹ ti mọ̀ ni?

Màámi ò kúrò nínú yàrá yẹn o. Ẹ̀gbẹ́ yín ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Láàárọ̀ yìí, sìmẹ́ńtì orí sàárè yín tutù níbi ẹsẹ̀, òjò ò sì rọ̀. Wọ́n rò pé omi ló dà lọ́wọ́ àwọn, wọ́n fi àkísà nù ún. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ó tún ti tutù. Mo kúnlẹ̀, mo fìka kàn án, mo tọ́ ọ wò bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe.

Iyọ̀ ni, Bàbá.

Màá sọ fún Màámi lónìí. Èmi ni mo ní kí wọ́n sin yín síbẹ̀, èmi náà ni màá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé yín kúrò. Ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè wá.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀