Fìlà Lórí Àga Rẹ

Ọdún mẹ́fà ti gorí ara wọn, Aránṣọ wa! Ọdún mẹ́fà tí a kò gbọ́ ohùn rẹ!

Àkọ́bí rẹ obìnrin ló wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ báyìí. Àwọn oníbàárà rẹ kò yà síbòmíràn. Àbíkẹ́yìn tí o fi sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ ti di nọ́ọ̀sì. Ilé tí à ń kọ́ nígbà náà ti parí. Ọkọ rẹ nìkan ló ṣì wà níbi tí o fi í sí.

Kò kọrin mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò ṣí ìwé orin, yóò kàn máa wò ó ni. Ohùn kejì tí o máa ń gbè sí i létí ló máa ń tẹ̀lé, o kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbíkẹ́yìn rẹ mú un lọ síbi eré orin ìgbàgbọ́ ní gbọ̀ngàn ìṣeré àtijọ́ yẹn, èyí tí àga rẹ̀ ń ké bí eku béèyàn bá yíra padà. Òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n lọ, ìlà tó kẹ́yìn, ibi tí o fẹ́ràn. Kí ọkọ rẹ tó mọ̀, ó ti ṣí fìlà, ó ti fi gba àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọ! Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, nítorí ìwọ kì í fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ láìparí. Orin á ti bẹ̀rẹ̀ kí o tó yọjú.

Obìnrin àgbà kan dúró tì í.

"Bàbá, ṣé ẹnìkan ló ni ibí?"

"Ìyàwó mi ni. Ó ń bọ̀."

Àbíkẹ́yìn rẹ tẹrí ba.

Orin kìíní, o kò dé. Orin kejì, o kò dé! Ẹnu ọ̀nà ni ọkọ rẹ ń wò. Obìnrin náà fara ti ògiri, ó ń sinmi ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Nígbà tó yá, ọkọ rẹ gbé fìlà náà lé orúnkún.

"Ẹ jókòó, màmá. Kò ní lè wá mọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn máa jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn!

Wọ́n dìde fún ègbè. Màmá gbé ohùn tirẹ̀, ó ṣì í mú gbáà. Ká ní o wà níbẹ̀, ò bá ti fi ìgúnpá gún ọkọ rẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún, inú ẹkún náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, pẹ̀lú ohùn tí o máa ń pè ní ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Nígbà tó kan ibi tí ohùn kejì rẹ ti máa ń wọlé, ó dákẹ́, ó dúró dè ọ́ díẹ̀, kó tó máa bá orin lọ.

Aránṣọ wa, àárò rẹ ń sọ wá. Bí ọdún bá gun orí ọdún, a ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ.