Fódà Tí Kọ̀ǹpútà Gbá Mọ́
Kábà, ọjọ́ Sátidé

Gbogbo kóòdù tí èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ fún ẹ̀rọ kékeré tó máa darí pọ́ǹpù omi ìlú Ìyàrá ló parẹ́ lọ́sàn-án yìí. Fódà tí kọ̀ǹpútà ń kó àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ sí nìkan ni mo ní kí kọ̀ǹpútà gbá mọ́!

Mo rò pé Dáre àbúrò mi ló pa á rẹ́, mo di ọrùn rẹ̀ mú, mo gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri.

“Bùọ̀dá, mi ò fọwọ́ kàn án!”

Mo tún fọ́ ọ létí. Ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá wa ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Àṣé irinṣẹ́ tó ń gbá fódà mọ́ ló pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, irinṣẹ́ burúkú! Kì í wo fódà téèyàn dárúkọ, fódà téèyàn bá ṣí sílẹ̀ ló ń gbá. Mo ti tún un ṣe. Ó gbọ́dọ̀ bi mí kó tó pa ohunkóhun rẹ́.

Dáre ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀yìn mi kọjá, ètè rẹ̀ wú.

“Okun o, bùọ̀dá,” ó fi kí mi kú iṣẹ́.