Ta Ló So Nǹkan Mọ́ Ìdí Àgbà Pupa?

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹrin
Yìnyín ti kúrò lójú adágún. Mo lọ wo Àgbà Pupa, píkọ́ọ̀pù mi. Bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí a ń fi tírélà ọkọ̀ ojú omi kọ́, ń dán. Ó yẹ kó ti dípẹtà. Láti ìgbà ìkórè ni mi ò ti fi fa ohunkóhun, ọkọ̀ ojú omi mi ṣì wà lábẹ́ tapólì. Irin kì í nu ara rẹ̀. Ẹnì kan ti so nǹkan mọ́ ọn.

Ọjọ́rú, 23
Kọfí níbi tí wọ́n ti ń ta ìdẹ ẹja. Verlyn aládùúgbò mi — Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo ń pè é nínú ìwé yìí — tún ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Pé epo tó ti sùn láti ìgbà òtútù a máa dí nọ́sù tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ti mọ́tò àti ti ọkọ̀ ojú omi. Kéèyàn jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa oògùn ìfọ̀dọ̀tí mu. Duane ọ̀rẹ́ wa sọ pé ẹ́ńjìnnì tòun ti dọ̀tí débi pé bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, nǹkan kan ò ní ṣẹ́ kù. A rẹ́rìn-ín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá kọjú sí mi. "Arlen, mọ́tò ẹ ò lágbára mọ́ tó bá ń fa nǹkan gòkè. Fọ̀ ọ́."

Báwo ló ṣe mọ bó ṣe ń gòkè?

Ọjọ́bọ̀, 24
Mo fọ̀ ọ́. Èéfín funfun bo gbogbo àgbàlá. Marlys ìyàwó mi ní aṣọ tóun sá ti ń rùn. — Àga awakọ̀ ti sún síwájú, orúnkún mi gbá sìtíárìn. Marlys kúrú. Ṣùgbọ́n Marlys ní mọ́tò tirẹ̀.

Àbámẹ́ta, 26
Èèpo èso òdòdó-oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Àgbà Pupa. Nínú gbogbo wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló ń jẹ ẹ́.

Àìkú, 27
Lẹ́yìn ìsìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n àti Marlys ń sọ̀rọ̀. Mo dé, wọ́n dákẹ́.

Ìṣẹ́gun, 29
Mo bi Marlys léèrè ibi tó wà lánàá nígbà tí mo lọ rí oníṣègùn eyín. Ó ní òun lọ síbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin. Lọ́jọ́ Ajé? Wọn kì í dánra wò lọ́jọ́ Ajé. — Mo ní ṣé yóò bá mi lọ lọ́jọ́ tí ìjọba bá ṣí àkókò ẹja pípa. Ó ní bóyá. Láti ọdún tó kọjá ni kò ti wọ ọkọ̀ ojú omi mi mọ́, kìkì nítorí pé mo bá a wí létí omi nígbà tó ń fi tírélà rìn sẹ́yìn láti gbé ọkọ̀ sómi, tó sì yí sìtíárìn sódì. Gbogbo ọkọ ló ń pariwo níbẹ̀. Etí omi kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹtì, 2 oṣù Karùn-ún
Mo gbé mọ́tò Marlys, mo ní mò ń lọ sí ìlú. Mo yà sẹ́yìn ilé ọkà, mo dúró. Àgbà Pupa kọjá. Marlys ló ń wà á, Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tírélà òfìfo Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́yìn wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò lè tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ́ tírélà lọ síbi àgbèrè?

Ajé, 5
Ìfura loògùn àgbà. Oògùn yìí ò jẹ́ kí n jẹun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ẹja pípa, níwájú gbogbo ayé, màá bi Ọ̀jọ̀gbọ́n léèrè ohun tí òun àti Marlys ń ṣe.

Àbámẹ́ta, 10
Èrò pọ̀ létí omi, ife kọfí lọ́wọ́ kálukú. Èmi àti Marlys wà nínú Àgbà Pupa, ọkọ̀ ojú omi wa lórí tírélà lẹ́yìn. Mo ti rí Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti la ẹnu. Marlys sọ̀ kalẹ̀, ó wá síbi ilẹ̀kùn mi.

"Sọ̀ kalẹ̀, Arlen."

Ó jókòó, ó sún àga síwájú, ó di ìsàlẹ̀ sìtíárìn mú. Ó rìn sẹ́yìn, tírélà lọ tààrà sínú omi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Duane gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè pàtẹ́wọ́.

Verlyn Ọ̀jọ̀gbọ́n tu èèpo sílẹ̀, kò wò mí. "Kò pẹ́ rárá kó tó mọ̀ ọ́n," ó ní, "nígbà tí ò sẹ́ni tó ń pariwo mọ́ ọn."

Tírélà wíwà ló ń kọ́ ọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn, ojú sì tì mí, mo fò sínú ọkọ̀ ojú omi láìronú, mo tì í kúrò lórí tírélà. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ mi tutù. Omi. Èdídí ihò ìdí ọkọ̀, ihò tí omi òjò ń gbà jáde, wà nínú àpò mi, ìbínú tí mo ní sí Verlyn ti mú mi gbàgbé rẹ̀ láti òwúrọ̀. Àṣìṣe ọmọdé.

Gbogbo etí omi kọjú sí Marlys, wọ́n ń dúró de ariwo rẹ̀.

Kò pariwo. Ó tún fi tírélà rìn sẹ́yìn, ó wọ́ èmi àti ọkọ̀ jáde, omi ń tú láti ìdí rẹ̀. Ó dúró níwájú mi, ó na àtẹ́lẹwọ́. Mo gbé èdídí náà sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló fi dí ihò náà.

"Jókòó síwájú," ó ní, jẹ́jẹ́. Òun ló tún gbé ọkọ̀ sómi, òun ló sì tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ẹja mẹ́ta la pa. Kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí a fi délé. Ì bá sàn kó pariwo.