Ògiri Tí A Kò Pín

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ìdí-Ọ̀pẹ,
Mákún, Ṣàgámù,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Olúkẹ́mi ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó gbàgbé ọ̀nà ilé,

Báwo ni o, báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá Pẹ̀lúmi ti fúyẹ́ díẹ̀? Pẹ̀lúmi ńkọ́, ṣé iṣẹ́ tuntun yẹn ti mọ́ ọn lára, àbí ó ṣì ń ráhùn pé ọ̀gá òun le? Ẹ kú ìfaradà ọjà tó gbówó lórí. Wọ́n ní òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Kàdúná. Níbí, kò tíì ṣe tán. Bàbá Fàdìlàt ní kí n kí ọ dáadáa, Fàdìlàt náà ní òun ń retí aṣọ tí o ṣèlérí, òun kò sì ní gbàgbé.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Mo pè ọ́, mo sì yára pa á kí o tó gbé e. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó fi dá ọ lóhùn, àgbàlagbà bíi tèmi yìí. Ìgbà tí Akínkúnmi àbúrò rẹ wá ra obì, tó ní òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Àìkú, ni mo ní kó dúró, kí n wá bébà.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni n ó kọ́kọ́ sọ. Ikhlas ti rí ọkọ. Ikhlas ọmọ Hussain àbúrò mi, èyí tí mo gbà tọ́ lẹ́yìn tí Hussain kú, tí ìwọ gan-an bá mi ra yunifọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ fún. Ará Ìsarà ni ọmọkùnrin náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀, ọmọlúàbí ènìyàn ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Ibo ni wọ́n sì máa wá bí kò bá ṣe ilé bàbá wa ní Ọ̀fin? Ibẹ̀ ni wọ́n bí Hussain sí, ibẹ̀ náà ló yẹ kí wọ́n ti wá tọrọ ọmọ rẹ̀.

O mọ ilé náà. Láti ìgbà tí Bàbá ti Mẹ́kà dé ni wọ́n ti kùn ún kẹ́yìn. Iwájú rẹ̀ ti di ohun tí ojú ń tì mí láti wò: ọ̀dà ń ré bọ́, ìdọ̀tí òjò ti gun òkè dé ojú fèrèsé, ẹni tó díje fún kánsẹ́lọ̀ láyé ọjọ́un, tó sì fìdí rẹmi, ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú pósítà lára ògiri. Mo ní àwọn àna kò ní bá Ikhlas níwájú ilé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ni mo fẹ́ kùn o, iwájú nìkan.

Mo pe Síkírù akunlé. Ó wọn ògiri, ó sọ iye ọ̀dà tí yóò gbà, ó sọ owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ ti àkàbà tí yóò háyà. Bàbá Fàdìlàt ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo ní àwa tí à ń ta obì, agbọ̀n la fi ń ṣírò. Mo ti tọ́jú gbàǹja kan pamọ́ láti ìkórè èṣí, mo ń pa ewé rẹ̀ dà, mo ń ṣa kòkòrò kúrò nínú rẹ̀, kí n lè tà á nígbà tí obì bá wọ́n. Mo ní agbọ̀n kan á ra ọ̀dà, òmíràn á san owó Síkírù, ìyókù á ra oúnjẹ àlejò. Mo kó gbogbo rẹ̀ tà fún àwọn Hausa ní Sábó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni obì gbówó lórí. Mo gbé e mì, mo ní nítorí Ikhlas ni.

Mo lọ sí ilé ọlọ́dà, mo ní kí wọ́n bá mi po àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí Bàbá fẹ́ràn. Ọ̀dà tí wọ́n bá sì ti pò fún ènìyàn, Kẹ́mi, wọn kì í gbà á padà. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Síkírù bẹ̀rẹ̀. Ó fọ ògiri, ó ha gbogbo ọ̀dà àtijọ́ tó ti ń ré, ó ṣí kánsẹ́lọ̀ wa kúrò. Ó ku kó kùn ún lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi Ìdírísù dé, ọmọ ìyálé, àgbà gbogbo wa. Kò bínú, ìyẹn ló tún burú. Ó jókòó, ó ní, "Hàmdálátù, kò sẹ́ni tó ní ohun tí ò ń ṣe kò dáa. Ṣùgbọ́n ta ló ni ògiri tí o fẹ́ kùn?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá wa ló ni ín."

Ó ní, "Bàbá wa ti kú."

Kí ó lè yé ọ: nígbà tí Bàbá kú, ìdí-igi ni àwọn àgbà fi pín ilé náà, ìdí kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta sì ni àwọn ìyá wa. Wọ́n pín yàrá, wọ́n pín ilé ìdáná, wọ́n pín kànga, wọ́n pín igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé pàápàá. Kò sẹ́ni tó rántí pín iwájú ilé. Nítorí náà, gbogbo wa la ni ín, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n Ìdírísù ní ẹni tó bá kun iwájú ilé, òun ni ará ìta ń pè ní onílé, pàápàá obìnrin tó ti wà nílé ọkọ. Ó ní òun mọ̀ pé èmi kò ní in lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọmọ mi lè ní in lọ́kàn lọ́la. Síkírù ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí àkàbà. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò dáwó, ọgbọọgba, kí ẹnikẹ́ni má baà lékè ẹnikẹ́ni. Mo ní kí n san tiwọn fún wọn. Wọ́n ní kí n má fi owó rà wọ́n. Mo ní kí n yá wọn. Wọ́n ní ó di ọ̀kan náà. Ìdí ti Ẹ̀gbọ́n Ìdírísù ní àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fikùn lukùn láàárín ara wọn. Yúnúsà, tó dúró fún ìdí kẹta, ní kí a jẹ́ kí òun wú ẹ̀gẹ́ òun ní Akaka kí òun fi yan gàrí tà. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, Yúnúsà tún ní bí òun bá dáwó, àwọ̀ ẹyin ni òun fẹ́.

Síkírù ti rí iṣẹ́ mìíràn ní Ìpẹ̀rú. Ó bẹ̀ mí títí, ó gbé àkàbà lọ. Ọ̀dà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, mo ń fẹsẹ̀ kọ ọ́ ní àràárọ̀. Ògiri tí a ha sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbí ni àwọ̀ ewé, níbẹ̀ ni búlúù, lọ́hùn-ún ni sìmẹ́ǹtì lásán, àfi bí orí ọmọ tí làpálàpá mú. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é.

O máa ní kí n bá wọn jà. Ṣé o rò pé n kò lè jà ni? Ìwọ mọ̀ mí láti iléèwé. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Ìdírísù ni yóò jókòó bíi bàbá Ikhlas lọ́jọ́ náà, òun náà ni yóò fà á fún ọkọ lọ́jọ́ yìgì. Bí mo bá mú un bínú, ta ni n ó gbé síbẹ̀? Hussain kò sí. Nítorí náà, mo ń kúnlẹ̀ kí i, mo ń gbé gbàǹja tó dáa fún un, mo ń rẹ́rìn-ín. Inú mi kò dùn, Kẹ́mi. Ó ń dùn mí dé egungun pé n kò já mọ́ nǹkan nílé tí wọ́n bí mi sí.

Mo tilẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Akaka lọ bá àbúrò Bàbá obìnrin, òun nìkan ló kù nínú wọn. Ó fi Rẹ́mọ ìjìnlẹ̀ bú Ẹ̀gbọ́n Ìdírísù títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn, mo rò pé ó máa tẹ̀lé mi wá. Ó wá sọ fún mi pé òun náà fẹ́ pààrọ̀ ilẹ̀kùn ilé bàbá àwọn nígbà kan rí, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni wọ́n sọ fún òun, ilẹ̀kùn náà sì jẹrà síbẹ̀. Ó ní àdúrà ni wọ́n máa ń pe òun wá ṣe nípàdé. Ó ṣàdúrà fún mi, ó di gàrí fún mi, mo padà sílé.

Ikhlas ní kí n má da ara mi láàmú, pé òun ni wọ́n ń bọ̀ wá wò, kì í ṣe ògiri. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mo gbúròó pé òun náà lọ síbẹ̀ láàárọ̀ àná, ó ń fi kànìnkànìn fọ ibi tí kò lè mọ́.

Láná náà ni mo tún lọ kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n yá aṣọ bo iwájú ilé lọ́jọ́ náà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ máa ń ta bo ògiri." Ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ọgbọ́n wà lórí mi, kò sì bi mí ta ni yóò san án. Mo lọ béèrè owó rẹ̀: owó ìyálò aṣọ ọjọ́ kan jẹ gbogbo ohun tó kù nínú owó obì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọ̀dà. Ẹ̀gbọ́n gbà kí n ná an, nítorí pé bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ni aṣọ á tú u lọ, n kò sì ní ní nǹkan kan lára ògiri bàbá mi.

Nítorí náà, bí o bá ka ìwé yìí tán, má fi owó ránṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́. Ọ̀dà wà nílẹ̀, ògiri ni n kò ní. Ìwọ ni kí o wá. Tètè dé, kí o sì má jókòó síbi tí àlejò ń jókòó. Afẹ́fẹ́ òjò ń jà gan-an níbí lásìkò yìí. Wá dúró ní ìkángun kan, kí èmi dúró ní ìkejì, ká jọ di etí aṣọ náà mú títí àwọn ará Ìsarà á fi lọ.

Bá mi kí Bàbá Pẹ̀lúmi àti Pẹ̀lúmi fúnra rẹ̀. Akínkúnmi ti ń wo aago.

Èmi náà ni, tìrẹ láti orí bẹ́ǹṣì kan náà,

Hàmdálátù.